Ta ló máa nu ewé?

 

Mọ́ínmọ́ín eléwé la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Mi ò wá sọ fún yín pé ó dùn ju ti inú nylon lọ. Ẹ ti mọ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ká padà sídìí ewé, kí ẹgbẹ̀rún èèyàn sì tẹ ọkàn pupa sí i. Ó dáa. Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló máa já ewé náà wá láti oko? Ta ló máa fọ̀ ọ́? Ta ló máa jókòó tì í, kó máa nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, tojú-tẹ̀yìn? Nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ewé yìí, ọwọ́ wọn ò kan ewé rí. Ẹ̀yìn wọn ni ìyá kan wà tó ń dun ẹ̀yìn.

Inú ẹbí tèmi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Ọ̀rà. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ọ̀rà, Ọ̀rà Ìgbómìnà ni, ìlú Akẹsìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkè-Ìlá ni ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa wà. Ìlá-Ọ̀ràngún ni aládùúgbò ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, tó jẹ́ pé tí mo bá ti ní Ìgbómìnà ni mí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìlá ni?" Rárá o. Ọ̀rà ni. Kwara ò jìnnà sí wa, Èkìtì náà ò jìnnà.

Ibi tí ìlú wa wà yìí ní ohun tó fi kan oúnjẹ. Àárín igbó àti ọ̀dàn la wà. Igi igbá, tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, ọ̀dàn ló fẹ́ràn. Ewé eéran, tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, abẹ́ igi ńlá ló fẹ́ràn, ibi tí òòrùn kì í ti í jó ilẹ̀, ibi tí odò bá wà nítòsí. Àwọn ìyá wa rí méjèèjì láìrìn jìnnà. Ẹni tó ń gbé Èkó ń sanwó mọ́tò lórí ohun tí èèyàn lè já lẹ́yìn oko bàbá rẹ̀ níbí.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, a fẹ́ ṣe ìrántí bàbá wa àgbà, wọ́n ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti lọ. Kì í ṣe ayẹyẹ ńlá. Ẹbí, aládùúgbò, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀. A ṣírò rẹ̀ pé mọ́ínmọ́ín 200 á tó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Èkó ló kọ́kọ́ kọ̀wé sórí group WhatsApp ẹbí: òun á ra ike kéékèèké tó ní ìdérí wá, ká dà á sí i, ká sè é, ó tán. Ó ní bí ìjọba Èkó ṣe fòfin de takeaway funfun yẹn ní oṣù Kìíní 2024, òun ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ike tó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Bánkì ló ń ṣiṣẹ́ sí, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń kúrò níbi iṣẹ́, ó máa dé Ọ̀rà ní òru, òun náà ni wọ́n sì máa ń retí pé kó wọ kíṣìnnì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Màmá Àgbà kì í kọ̀wé lórí WhatsApp, voice note ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín inú ike, kó jókòó sí Èkó kó jẹ ẹ́. Ti ọkọ mi, ewé ni." (Ẹ̀rín.) Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: "Màmá wa!" "Ẹ ṣeun Màmá!" "Ewé tàbí nǹkan míì!" Iná, iná, iná, gbogbo emoji iná tó wà nínú fóònù ni wọ́n tẹ̀ tán.

Mo wá tẹ ìbéèrè kan síbẹ̀: "Ta ló máa nu ewé?"

Group dákẹ́. Ẹ̀yin náà ti mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ̀ ń rí i pé èèyàn méjìlélógún ti kà á.

Ẹ jẹ́ n ṣírò rẹ̀ fún yín kí ẹ má baà rò pé ìjà ni mò ń wá. Mọ́ínmọ́ín kan, ewé méjì ló kéré jù. Mọ́ínmọ́ín 200, ewé 400, ká má tíì ka èyí tó ya, èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí a máa tẹ́ sínú ìkòkò. Tí èèyàn kan bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré nu ewé kan, níwájú àti lẹ́yìn, wákàtí méjì ó lé ni yóò fi jókòó sójú kan. Ìyẹn lẹ́yìn tó ti lọ já a, tó ti rù ú délé, tó ti fọ̀ ọ́. Kò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀wà. Gbogbo èyí, nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ló ń ṣe é, àwọn tó kù máa dé nígbà tí òórùn bá ti gba àdúgbò kan.

Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ni àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ní, "Ìbéèrè yìí tọ́. Ọkùnrin ni yóò nu ewé." Wọ́n kọ orúkọ èèyàn mẹ́fà síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ tiwọn ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí àgbàlagbà bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú, ta ló kù tó fẹ́ sọ pé ọwọ́ ń dun òun?

Ọjọ́ Ẹtì la lọ já ewé. Àǹtí mi tó ń gbé ilé ló ṣáájú wa, àwa mẹ́jọ la tẹ̀lé wọn, ọmọdé mẹ́ta wà nínú wa. Oko kòkó ni a gbà lọ. Tẹ́lẹ̀, ní kété tí ẹ bá jáde sẹ́yìn ilé àwọn bàbá wa, ẹ ti rí ewé eéran. Ní báyìí, àǹtí mi mú wa rìn tó ogójì ìṣẹ́jú. Kí ló fà á? Wọ́n ti gé àwọn igi tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n gbin pákí. Pákí dáa, gààrí la fi ń gbé ilé ró, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ewé yìí kò lè gbé inú òòrùn. Ní ọjọ́ tí igi ńlá bá ti lulẹ̀, ọdún díẹ̀ péré ló kù fún ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kòkó ló gbà á là nítòsí wa, torí pé àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń fi igi ńlá sílẹ̀ láti ṣíji bo kòkó wọn. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé, àgbẹ̀ kan wà tí kò gé igi rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń já a nìyí. Ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀ tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, látinú ilẹ̀ ló ti ń yọ. Àǹtí mi kì í fà á tu. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ọ̀pá náà nísàlẹ̀, wọn kì í sì í gé gbogbo èyí tó bá wà lójú kan tán. Wọ́n máa ń fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí wọ́n ṣì ká bíi síga, sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Torí tìẹ ni. Ṣé o ò ní jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́dún tó ń bọ̀?"

Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ní ìdí ilẹ̀ gan-an, ẹ máa rí èso rẹ̀, pupa, ó ní igun mẹ́ta. Ẹ là á, ẹ máa rí kóró dúdú, nǹkan kan tó rí yọ̀ọ́rọ̀yọ̀ọ́rọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ fi nǹkan yẹn kan ahọ́n. Kò ní dùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Àfi bí adùn bá dé, tí kò sì fẹ́ lọ mọ́. Bí ẹ bá mu omi, omi á dùn. Àwọn ọmọdé tó tẹ̀lé wa jẹ ẹ́ títí tí ẹnu wọn fi yí padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ewé yìí ni Thaumatococcus daniellii. Daniell yẹn, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì kan ni, William Freeman Daniell, tó kọ̀wé nípa èso yìí sínú ìwé àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1855. Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Netherlands yọ ohun tó ń jẹ́ kó dùn jáde lára rẹ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Kì í ṣe ṣúgà rárá, irú èròjà tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹran ni, puroteeni, tí adùn rẹ̀ sì tó ìlọ́po 2,000 sí 3,000 ti ṣúgà tí a bá fi ìwọ̀n kan náà wé ara wọn. Wọ́n ń fi í sínú chewing gum, wọ́n ń fi í sínú oògùn tó bá korò. Bí ẹ bá rí E957 lẹ́yìn páálí nǹkan jíjẹ kan, òun nìyẹn. Èso tí àwọn ọmọ wa ń ṣà lábẹ́ kòkó.

A rù ú délé. Mo ní kí n gbé ìdì kan, ọrùn mi fẹ́ẹ̀ wọ inú àyà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀yìnkùlé, bàsíà omi méjì níwájú wọn, àkísà mímọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò bàbá mi wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ki gíláàsì bọ ojú, wọ́n ń nu ewé bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ̀ bá gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀fẹ̀ ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó tẹ iná jù lórí group, gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣé gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣe nǹkan nínú ilé yìí, bó ṣe máa ń rí nìyí?" Màmá Àgbà wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ní, "Èyí kéré. Ìgbà ìgbéyàwó bàbá rẹ ńkọ́?" Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi yìí dìde, ó lọ pọn omi míì wá láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an.

Ẹ̀wà ńkọ́? Kóńgò mẹ́jọ la lò. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀wà ṣeré láyé ìsinsìnyí o. Àjọ NBS tó ń ka iye ọjà sọ pé láàárín oṣù Kẹwàá 2023 sí oṣù Kẹwàá 2024, iye ẹ̀wà pupa ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń rí i pé mọ́ínmọ́ín òde àríyá ń tín-ín-rín. Nítorí náà, a kò ju ẹyọ kan nù. A rẹ ẹ́ sómi fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe mọ́jú, torí tó bá rọ̀ jù, ó máa ṣòro bó. A gún un fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ nínú odó kí èèpo lè là, a wá ń bu omi sí i, à ń fọwọ́ ra á, èèpo á léfòó, a ó dà á kúrò. Èyí tí mo máa ń ṣe nílé mi, tí ẹ lè ṣe nínú kíṣìnnì yín: ẹ da ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ àti omi sínú blender, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kíákíá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Èèpo á yọ fúnra rẹ̀. Èèpo tiwa kò ṣòfò, ewúrẹ́ Màmá jẹ ẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà. Àǹtí mi dúró ti oníẹ̀rọ kó kọ́kọ́ fi omi fọ ẹ̀rọ náà dáadáa, torí pé ẹni tó wà níwájú wa, ata gbígbẹ ló lọ̀. Nígbà tó délé, wọ́n da epo pupa sí i, iyọ̀, edé lílọ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, àti omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń po ó. Àṣírí ibẹ̀ ni pípo. Tí ẹ bá po ó dáadáa, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, kò ní le bíi bíríkì. Ẹ wo ṣíbí yín: tí ẹ bá gbé e sókè, kó ṣàn wá sílẹ̀, àmọ́ kó má ṣàn bí omi. Ẹyin sísè, ìdajì-ìdajì. A kò ṣe ẹlẹ́mìí méje. Owó ẹ̀mí mẹ́ta la rí.

Ó wá kan pípọ́n. Níbí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀, torí ohun tó gbé mi dé orí máìkì lónìí gan-an nìyí. Nínú gbogbo èèyàn tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn, a lé ní ọgbọ̀n, ẹni mẹ́rin ló mọ mọ́ínmọ́ín pọ́n sínú ewé kó má jò. Màmá Àgbà, àǹtí mi, ìyá mi, àti ìyá kan láti ilé kejì. Kékeré inú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá ò sì ká mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, oríkèé ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè sọ bí a ṣe ń ṣe é, wọn ò lè fi gbogbo rẹ̀ hàn mọ́. Mo wá ronú pé tí a bá ra ike Èkó yẹn lọ́dún yìí, tí a tún rà á lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní mọ ọjọ́ tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n máa tán nílé wa. Kò sẹ́ni tó máa kéde rẹ̀.

Mo gbé fóònù sórí àpótí, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra ṣe é. Mo sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe rí i.

Ẹ kọ́kọ́ gé egungun ẹ̀yìn ewé, ibi tó ki lápá ìdí, kí ewé lè tẹ̀ láìfàya. Ẹ mú ewé méjì, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ìdí ọ̀kan wà níbi orí èkejì. Ojú dídán wà nínú, níbi tí ẹ̀wà máa kàn. Ẹ wá yí i bí ẹ ṣe máa yí ìwé tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, kó rí bí ìwo: ẹnu gbòòrò, ìdí ṣóńṣó. Ìdí ṣóńṣó yẹn, ẹ ká a sẹ́yìn, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá a mú. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi parí. Òun ni okùn rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀wà sí i, kó má kún dẹ́nu. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ ká apá ọ̀tún wá, ẹ ká tòsì wá, ẹ wá ká gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó sínú ìkòkò kí ìwúwo ara rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹyọ kan, ìyá mi ń lò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Èmi, nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn tó jò, Màmá ní ká kó wọn jọ sí ìkòkò kékeré, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di mọ́ínmọ́ín ọgọ́rùn-ún, àwa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún la ti ń pọ́n èyí tó dúró. Ọ̀kan nínú wa ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Èkó, tó ní ká ra ike. Torí pé kò sẹ́ni tó ní kó wá nu ewé, ó ráyè sùn di aago mẹ́jọ àárọ̀, ó jí, ó mu tíì, ó wá jókòó ti ìyá mi. Ó ní látìgbà tí òun ti ṣègbéyàwó, òun ò jókòó pọ̀ pẹ̀lú wọn fún wákàtí méjì rí.

Nínú ìkòkò, a to àwọn ọ̀pá ewé sí ìsàlẹ̀ bí àkàbà, a bu omi tí kò ga ju wọn lọ, a to mọ́ínmọ́ín sórí rẹ̀, a fi ewé tó ya bò ó, a dé e pa. Bí wákàtí kan, ẹ máa yẹ omi wò, tó bá gbẹ, ẹ máa fi omi gbígbóná kún un látẹ̀gbẹ́. Ní ti nylon, ohun kan ṣoṣo ni mo máa sọ: nylon tí wọ́n fi ń di ìrẹsì lọ́jà, wọn ò ṣe é fún omi híhó. Ẹ dákun, tí ẹ ò bá rí ewé, ẹ lo agolo tàbí abọ́ irin.

Bó ṣe ń jiná lọ́wọ́, ẹnì kan ní Yorùbá nìkan ló lè jókòó ti ẹ̀wà báyìí. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Freetown, oleleh ni wọ́n ń pè é, ó sì sún mọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè é. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ló gbé e débẹ̀. Àjàyí Crowther náà gbabẹ̀, 1822 ló gúnlẹ̀ sí Freetown. Ní Bahia ní Brazil, abará ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, àwọn obìnrin tó ń ta àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ni wọ́n jọ ń tà á lórí àtẹ kan náà. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀ o, iṣẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin wa tó ń na ẹ̀yìn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ pẹ́.

Ìrántí lọ dáadáa. Mọ́ínmọ́ín kù bí ogún. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, a wọ mọ́tò méjì, a lọ sí Òkè-Ìlá láti lọ wo omi Ayíkúnnugbá, tó ń já láti orí àpáta láàárín òkè. Tí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Òtútù omi yẹn á dé ara yín kí ẹ tó rí i. A jókòó lórí òkúta, a tú ewé, a jẹ ẹ́ ní tútù, èmi tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tútù ju gbígbóná lọ. Ewé tó kù lọ́wọ́ wa, a kó o sídìí igi, ilẹ̀ á gbà á. Ike omi tí a mu, a kó o padà sínú mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ló ṣàkíyèsí pé ohun méjì la gbé wá, ọ̀kan ń bá wa padà sílé, ọ̀kan ò bá wa padà.

Nígbà tí a délé, àǹtí mi ti la àwọn ọ̀pá ewé tó ṣẹ́kù, wọ́n ti ha inú wọn kúrò, wọ́n sá wọn sóòrùn. Ẹní ni wọ́n fẹ́ fi hun. Ọ̀pá yẹn, tó bá gbẹ, kì í tètè ṣẹ́. Wọ́n fún àwọn ọmọdé ní èyí tó kúrú, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gba orí ọ̀kan, ká gba abẹ́ èkejì. Ohun tí wọ́n hun kò ju àwo lọ, ó wọ́ sápá kan, ṣùgbọ́n òun ni mo ń gbé ìkòkò gbígbóná lé nínú kíṣìnnì mi báyìí. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ wò ó. Fídíò ọwọ́ ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín náà wà níbẹ̀, mo dín ìyára rẹ̀ kù kí ẹ lè rí ibi tí ọwọ́ òsì ti ń ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní ìlú ńlá, ẹ lọ sọ́jà láàárọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ewé, kó má ní ojú funfun-funfun tàbí ihò. Ẹ ra ìdì kan ju iye tí ẹ rò lọ, torí yóò ya. Tí ẹ kò bá lò ó tán, ẹ nù ún gbẹ, ẹ ká a, ẹ fi í sínú fìríìjì, kò ní bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ pọ́n mẹ́wàá péré. Kí ẹ sì pe ìyá yín, tàbí ìyá ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n, lórí fídíò nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Màmá Àgbà ti rán voice note ti oṣù Kejìlá tó ń bọ̀. Orúkọ èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó máa nu ewé, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́ta. Èmi wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tẹ iná, òun ni wọ́n fi ṣe olórí. Ó ti dáhùn. Kò tẹ iná. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra bàsíà kẹta."